Sípíríǹgì Tírélà: Èwo Ni Kí N Ṣe Fúnra Mi, Èwo Ni Kí N Gbé Fún Mẹkáníìkì?

Ìbéèrè tó wà níbí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ní tírélà àti típà, pàápàá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ wọn àkọ́kọ́. Mo to èyí tó rọrùn síwájú, èyí tó lọ́jú pọ̀ sẹ́yìn.

Kí ni à ń pè ní sọsipẹ́ńṣọ̀n gan-an?

Gbogbo ohun tó wà láàárín ṣáásì (egungun ọkọ̀) àti ákísù (irin ìdábùú tí táyà ń yí lórí rẹ̀) ni: sípíríǹgì tó jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra (ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn là ń pè ní ewé), ṣákúlù tó so ó kọ́ ṣáásì, yúbóòtù tó dè é mọ́ ákísù, búúṣì (rọ́bà ojú oríkèé), ṣọ́ọ̀kù tó ń dín fífò ọkọ̀ kù, àti tọ́ọ̀kì rọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó ń di ákísù mú) níbi tó bá wà. Lára ọ̀pọ̀ DAF àti bọ́dì (apá ẹ̀yìn tírélà tó ń gbé ẹrù) tòkunbọ̀ tó ń ti Yúróòpù wọlé, báàgì afẹ́fẹ́ lẹ máa bá lẹ́yìn dípò sípíríǹgì irin.

Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó ń gbé ẹrù. Ìyẹn ò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Èkejì ni pé ó ń di ákísù mú sí àyè rẹ̀ kí táyà lè máa yí tààrà. Èkejì yìí làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, òun gan-an ló sì ń pinnu ohun tí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣe.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ti ń bàjẹ́ níbẹ̀?

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó dà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi igi di táyà níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ tó mú tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ rẹ̀. Tí ìpẹtà pupa bá ń dà bí ìyẹ̀fun láàárín ewé sípíríǹgì méjì tàbí lẹ́sẹ̀ yúbóòtù, irin ló ń gbo irin níbẹ̀. Tí ibì kan bá ń dán gbinrin níbi tó yẹ kí ìdọ̀tí ti bò ó, nǹkan ń yẹ̀ síwá sẹ́yìn níbẹ̀. Ewé tó kán kì í sábà hàn lójú kan. Ẹ nu ẹ̀gbẹ́ sípíríǹgì náà mọ́ kí ẹ tó wò ó, torí ẹrẹ̀ máa ń bo ojú ibi tó ti là.

Táyà náà máa ń sọ̀rọ̀. Tí ojú rẹ̀ bá ń jẹ ní kòtò-kòtò yí ká, ṣọ́ọ̀kù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ló ń jẹ, tàbí tí awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín sọ fún yín pé bọ́dì yín ń rìn bí akàn, ákísù ti kúrò ní àyè rẹ̀.

Ní ti ṣọ́ọ̀kù, ẹ wakọ̀ fún bí ìdajì wákàtí, ẹ dúró, kí ẹ rọra fẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ á lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó tutù nígbà tí àwọn yòókù gbóná ti kú, kódà tí kò bá jo epo.

Iṣẹ́ wo ni mo lè ṣe fúnra mi?

Fífún un ní gírísì. Pípààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù lórí ọkọ̀ onísípíríǹgì irin. Yíyẹ yúbóòtù wò pẹ̀lú sípánà. Fífi omi ọṣẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, tí ẹ bá ṣe é tán ẹ máa fojú yín rí i bóyá ó dára, tí ẹ bá sì ṣe é láṣìṣe, ákísù ò ní tìtorí ẹ̀ ṣí kúrò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi ara mi kí n tó tú nọ́ọ̀tì: “Tí mo bá dì í padà, kí ni mo máa fi mọ̀ pé ó tọ́?” Tí ìdáhùn bá jẹ́ téèpù, tàbí sípánà tó ń ka agbára, tàbí ojú lásán, mo máa ṣe é. Tó bá jẹ́ “Ọlọ́run á ṣọ́ wa”, mo máa gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Irinṣẹ́ wo ló pọn dandan?

Jáàkì tó lè gbé tọ́ọ̀nù 20, àti ẹsẹ̀ irin méjì tí ẹ máa kì bọ abẹ́ ṣáásì lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e. Gbígbé ni iṣẹ́ jáàkì. Kì í ṣe òun ló ń dúró ti ẹrù. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù símẹ́ńtì ṣe ẹsẹ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í kọ́kọ́ tẹ̀ kó tó fọ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ń dà wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni sọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, olórí ínṣì 3/4 tàbí ínṣì 1, àti sípánà tó ń ka agbára. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà nìyí. Yúbóòtù ọkọ̀ ńlá sábà máa ń fẹ́ láàárín 400 sí 800 Nm (Nm la fi ń ka agbára tí a fi di nọ́ọ̀tì), ìwé ọkọ̀ yín ni yóò sì sọ iye tó jẹ́ gan-an. Ẹni tó wọn kílò 70, tó dúró sí ìdí páìpù tó gùn ní mítà 1, bí 690 Nm ló ń fi dì í. Tó bá wá ń fò lórí páìpù, tí mọ́tò bọ́ì kejì sì ń bá a tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó mọ iye tó ti dà. Ẹ ti rí i rí, èmi náà ti ṣe é rí.

Tí ẹ ò bá ní sípánà yìí, ẹ yá a. Tí kò bá sí ẹni tó máa yá yín, iṣẹ́ yúbóòtù ò sí lára ohun tí ẹ lè ṣe nílé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń sọ pé ká má lo yúbóòtù àtijọ́ mọ́? Kò kúkú kán.

Nínà ni yúbóòtù fi ń ṣiṣẹ́. Tí a bá dì í tó bó ṣe yẹ, ó máa ń nà díẹ̀ bíi rọ́bà, bó sì ṣe ń fẹ́ sún kì padà yẹn ló fi ń di sípíríǹgì pọ̀ mọ́ ákísù. Èyí tí wọ́n ti nà rí, tí eyín rẹ̀ ti jẹ, kò ní sún kì bíi ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀tì á le mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ á rò pé ó ti dì, bẹ́ẹ̀ eyín ló ń gbo eyín.

Tuntun náà ò fẹ́ kí ẹ dì í kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Ẹ tún un dì lẹ́yìn ìrìn àjò àkọ́kọ́ tó rù ẹrù, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó pé 1,000 km. Tí mẹkáníìkì bá ṣe é fún yín, ẹ padà lọ bá a fún èyí. Ọ̀pọ̀ wa kì í padà lọ.

Àmì kan wà tó dájú: tí sípíríǹgì bá kán láàárín gan-an, níbi ihò sẹ́ńtà bóòtù (bóòtù tó gba àárín gbogbo ewé kọjá), yúbóòtù tó dẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ mú. Ewé ò kàn dédé kán níbẹ̀. Tí ẹ bá pààrọ̀ ewé láìpààrọ̀ yúbóòtù, ẹ máa padà wá síbi kan náà.

Ewé kan kán lẹ́yìn. Ṣé mo lè pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi?

Tí ẹ bá ti bá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe é rí, tí ẹ pé méjì, tí irinṣẹ́ òkè yẹn sì pé, ó ṣeé ṣe. Tó bá jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ yín nìyí, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń kà lórí fóònù kó tó wọ abẹ́ ọkọ̀.

Ohun tó ń ṣe èèyàn léṣe níbẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ nìkan. Òdidi sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá lè wọn ju kílò 100 lọ, èèyàn kan ò lè gbà á mú tó bá ń bọ̀. Àwọn ewé náà ò tẹ̀ bákan náà: sẹ́ńtà bóòtù ló fipá pa wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá ṣe tú u láìkọ́kọ́ fi kíláǹpù ńlá di wọ́n mú, wọ́n á fò yà kúrò lára ara wọn. Ìka ọwọ́ ló sábà máa ń lọ sí i.

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà wáànù, ìyẹn ewé òkè tó ní ojú níhà méjèèjì, ló kán, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ewé tuntun kan ṣoṣo láàárín àwọn tó ti rẹ̀ ni yóò máa gbé ẹrù jù, òun náà ni yóò sì kọ́kọ́ kán. Ìdí kan náà ni kò fi dáa láti fi tuntun sí apá ọ̀tún kí ẹ fi ògbólógbòó sílẹ̀ sí apá òsì.

Tó bá jẹ́ sípíríǹgì iwájú ńkọ́?

Ẹ gbé e fún mẹkáníìkì. Ọwọ́ sítíárì wà níbẹ̀, ibi tí ákísù iwájú bá sì ti ṣí díẹ̀, ibẹ̀ ni ọkọ̀ máa yà sí nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Wẹ́dà àdúgbò mi ní òun lè jó ewé tó kán pọ̀. Ṣé kí n gbà?

Rárá. Irin sípíríǹgì kì í ṣe irin fèrèsé. Nílé iṣẹ́, wọ́n máa ń mú un gbóná dé bí 850°C, wọ́n á rì í bọ epo kó lè le, wọ́n á tún wá fi iná tí kò tó bẹ́ẹ̀ mú un gbóná kó lè máa tẹ̀ kó sì máa padà láìkán. Iná wẹ́dà ju gbogbo ìyẹn lọ, ó sì ń bọ́ sójú kan ṣoṣo. Etí ibi tí wọ́n jó á le gbagidi bíi gíláàsì, ibi tó jìnnà sí i díẹ̀ á rọ̀. Wọ́n á jó o dáadáa, ó á dán, ó á sì kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n jó.

Kódà tó bá jẹ́ ṣáásì ni wẹ́dà ń jó, ẹ sọ fún un kó má fi wáyà áàtì rẹ̀ (wáyà tó ń dá iná padà sínú ẹ̀rọ) kọ́ sípíríǹgì, kó sì fi nǹkan bò ó kí ẹ̀ta iná má bàa bà lé e. Ojú kékeré tí iná bá bà lé lè di ibi tí ewé á ti là lọ́jọ́ mìíràn.

Alágbẹ̀dẹ tó ń ká sípíríǹgì padà ńkọ́?

Mi ò bá àwọn ọmọ Ògún jà. Ẹ kàn béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ wọn: “Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rì í bọ epo, ṣé ẹ máa ń dá a padà sínú iná?” Ẹni tó bá ń dá a padà sínú iná mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó bá kàn ń fi òòlù lù ú ní tútù, sípíríǹgì rẹ̀ á gbéra sókè fún ìwọ̀nba àkókò, á sì tún tẹ́. Ẹni tó ń mú un pupa, tó sì ń jẹ́ kó tutù lórí ilẹ̀, ìdẹ̀ ló ń tà fún yín.

Tó bá jẹ́ típà tó ń kó yẹ̀pẹ̀ láti odò dé ibi ìkọ́lé tí kò jìnnà, mo lè gbà á fún ìgbà díẹ̀. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ Kánò, mi ò ní gbà á.

Ẹrù mi máa ń wúwo. Ṣé kí n fi ewé kún un?

Sípíríǹgì nìkan lẹ máa le. Ákísù ò yí padà, táyà ò yí padà, bíréèkì ò yí padà, ṣáásì náà ò yí padà. Ohun tí sípíríǹgì ìbá máa tẹ̀ fún nínú kòtò, ṣáásì ni yóò máa gbà á sára. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í rí ibi tó ń là lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò rífẹ́ẹ̀tì. Tí ọkọ̀ bá sì ṣófo, ó á máa ta bíi bọ́ọ̀lù, táyà kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà tó bá wà lófuurufú.

Tí sípíríǹgì yín bá tẹ́ lábẹ́ ẹrù tí ìwé ọkọ̀ fàyè gbà, ó ti rẹ̀ ni. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tó bá tẹ́ lábẹ́ ẹrù tó ju ìyẹn lọ, sípíríǹgì kọ́ ló jẹ̀bi.

Báàgì afẹ́fẹ́ ń jò. Ṣé iṣẹ́ tí mo lè ṣe ni?

Ẹ lè wá ibi tó ń jò fúnra yín. Ẹ po ọṣẹ sínú omi, ẹ bù ú sára báàgì, ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ àti fáàfù tó ń ṣọ́ bí ọkọ̀ ṣe ga tó. Ibi tó bá ń hó ni. Lọ́pọ̀ ìgbà báàgì kọ́ ló jò, ìdí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ni, ìyẹn ò sì tó nǹkan. Ẹ tún wo ọ̀pá kékeré tó so fáàfù yẹn mọ́ ákísù. Tó bá ti tẹ̀ tàbí tó já, ọkọ̀ á dà sí ẹ̀gbẹ́ kan láìsí pé ohunkóhun ń jò.

Pípààrọ̀ báàgì fúnra rẹ̀ nílò ọ̀wọ̀. Afẹ́fẹ́ inú tánkì ọkọ̀ ńlá máa ń sún mọ́ psi 120 (psi la fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́), bẹ́ẹ̀ táyà ọkọ̀ kékeré ò ju bíi 35 lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí gbogbo afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹsẹ̀ irin sì ti wà lábẹ́ ṣáásì ṣáájú, torí pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe jáde ni bọ́dì á wálẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ronú sí i nígbà tó ti wà lábẹ́ ọkọ̀ tán. Orí ló yọ ọ́.

Ẹ má sì ka ṣọ́ọ̀kù ọkọ̀ oníbáàgì afẹ́fẹ́ sí nǹkan tí wọ́n kàn ń tú. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣọ́ọ̀kù ló ń dá ákísù dúró kó má bàa sọ̀ kalẹ̀ jù. Tí ẹ bá tú u láìfi jáàkì gbé ákísù, báàgì á nà kọjá agbára rẹ̀.

Nǹkan kan wà nítòsí ibẹ̀ tí ẹ ò gbọ́dọ̀ tú rárá: agolo bíréèkì onísípíríǹgì. Sípíríǹgì tó wà ní ìdè nínú rẹ̀ lágbára tó láti pa èèyàn.

HOWO mi máa ń dún “gbàm” lẹ́yìn tí mo bá gbéra tàbí tí mo bá tẹ bíréèkì.

Búúṣì tọ́ọ̀kì rọ́ọ̀dù ló máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Lórí HOWO alákísù méjì lẹ́yìn, sípíríǹgì jókòó sáàárín àwọn ákísù náà ni, àwọn rọ́ọ̀dù ló sì ń dì wọ́n mú kí wọ́n má yí tàbí kí wọ́n sá síwájú. Ẹ kì irin gbọọrọ bọ ẹ̀gbẹ́ búúṣì kí ẹ fi gbé e: tó bá ń ṣeré púpọ̀, ó ti lọ.

Yíyẹ̀ ẹ́ wò ni tiyín. Pípààrọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tiyín, torí ákísù lè yí dà bí ẹ bá ṣe yọ rọ́ọ̀dù, búúṣì náà sì ń fẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀. Àwọn tó ń fi òòlù gbá a wọlé máa ń ya rọ́bà rẹ̀ kó tó dé ojú ọ̀nà.

Ní ti owó, èwo ló dín?

Ẹ má fi owó iṣẹ́ mẹkáníìkì nìkan ṣe ìṣirò. Ẹ kọ iye tí ọkọ̀ ń mú wálé lójúmọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí ẹ máa fi ṣe é sílẹ̀, àtọjọ́ tí ẹ máa fi wá irinṣẹ́. Ẹ kọ táyà méjì sí i, torí ohun tí ákísù tó wọ́ máa jẹ nìyẹn. Lórí ṣọ́ọ̀kù àti gírísì, ọwọ́ ara ẹni ló máa ń borí. Lórí iṣẹ́ tó bá kan ipò ákísù, mi ò tíì rí ibi tó ti borí fún ẹni tó ń ṣe é nígbà àkọ́kọ́.

Báwo ni mo ṣe máa mọ mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́?

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí aṣọ rẹ̀ dúdú fún epo ló mọ sípíríǹgì. Ẹ wo ohun tó máa mú jáde. Ẹni tó bá mú téèpù jáde kí ó tó mú òòlù, ẹ jókòó tì í. Ẹni tó bá béèrè ohun tí ẹ máa ń rù àti ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà, ó ń wá ohun tó fa ìbàjẹ́. Ẹni tó bá ní “ẹ fi èyí sílẹ̀, yúbóòtù yìí ṣì dáa” láìtíì tú u, ẹ wá ẹlòmíì.

Ẹ gba gbogbo ohun tó bá tú kúrò. Ẹ gbé e sílé tí kò bá tiẹ̀ wúlò.

Ṣé kí n ra tòkunbọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀ tàbí Gátè, àbí kí n ra tuntun?

Àwọn ohun tó jẹ́ irin gbọin, bíi ojú ibi tí sípíríǹgì ń kọ́ sí lára ṣáásì, ẹ lè ra tòkunbọ̀ rẹ̀ tí kò bá là. Yúbóòtù, sẹ́ńtà bóòtù, búúṣì àti báàgì, tuntun. Tí ẹ bá ń ra sípíríǹgì tòkunbọ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀ lórí ilẹ̀ kí ẹ wo bóyá wọ́n tẹ̀ bákan náà, ẹ ka ewé, ẹ wọn bó ṣe nípọn tó. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọ̀dà dúdú kùn tó ń dán: ọ̀dà ò ṣe sípíríǹgì lóore kankan, àmọ́ ó máa ń bo ibi tó là.

Amẹ́ríkà ni mo ti ń wakọ̀, ọkọ̀ mi ni. Ṣé òfin gbà mí láyè láti tún un ṣe?

Òfin ìjọba àpapọ̀ ò ní kí ẹni tó ní ọkọ̀ má tún sọsipẹ́ńṣọ̀n rẹ̀ ṣe. Ohun tó ń béèrè ni pé kó dára: abala òfin tí wọ́n ń pè ní 49 CFR 393.207 ní ewé kankan ò gbọ́dọ̀ là, kán, dàwátì tàbí ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Tí ìdá kan nínú mẹ́rin ewé sípíríǹgì kan bá kán, wọ́n lè dá ọkọ̀ dúró síbẹ̀ pé kó má rìn mọ́. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe sílẹ̀, ọjọ́ àti ohun tí ẹ pààrọ̀, kí ẹ fi pamọ́ fún ọdún 1, torí òfin ń béèrè àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ọkọ̀.

Ó kán lójú ọ̀nà, ẹrù sì wà lórí. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ kúrò lójú ọ̀nà pátápátá. Ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn jìnnà, ó kéré tán ìṣísẹ̀ 60. Ẹ̀ka igi nìkan ò tó lálẹ́.

Tó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀ kékeré kan ló kán, tí ákísù kò ṣí, ẹ lè rọra wakọ̀ dé ibi tí ìrànlọ́wọ́ bá sún mọ́ jù. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lè fà á dé Ògèrè. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà wáànù ló kán, tàbí tí táyà ti ń sún mọ́ ṣáásì, ẹ má rìn. Ẹ pe mẹkáníìkì wá síbẹ̀, ẹ sì kọ́kọ́ já ẹrù tó bá ṣeé ṣe. Igi tí wọ́n máa ń kì sáàárín ṣáásì àti ákísù, tí wọ́n fi ṣéènì dè, ó wà fún kí ọkọ̀ lè kúrò lójú títì. Àwọn kan ti fi í rìn dé Ìlọrin. Kì í ṣe ohun tí mo máa kọ́ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ti tún un ṣe, àmọ́ bọ́dì ṣì ń rìn bí akàn. Báwo ni mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Téèpù gígùn kan àti ẹni kejì ti tó. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ wà á síwájú tààrà díẹ̀ kí ẹ tó dúró, kí táyà má bàa wà ní lílọ́. Ẹ wọn láti ojú pín-ìnì tó so bọ́dì mọ́ orí tírélà dé ìdí ákísù bọ́dì àkọ́kọ́ lápá ọ̀tún, kí ẹ wọn ti apá òsì. Ìyàtọ̀ wọn ò yẹ kó ju mílímítà 3 lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wọn láti ákísù àkọ́kọ́ sí ìkejì ní apá méjèèjì; ibí yìí, kò yẹ kó tó mílímítà 2.

Tí ìyàtọ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ wo orí sẹ́ńtà bóòtù bóyá ó wọ ihò rẹ̀ lórí ákísù. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé wọ́n di yúbóòtù mọ́ ọn nígbà tí orí bóòtù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, kò wọlé. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́rin tí ẹ wọ̀n sórí ìwé, ẹ gbé e padà fún ẹni tó ṣe é, kí ẹ sì ní kó fi téèpù tirẹ̀ wọ̀n ọ́n níṣojú yín kó tó tú u.